Ìgbín Tí Wọ́n Fi Ṣe Èènì

Obìnrin tó ń ta ìgbín lẹ́bàá títì l'Ọ́rẹ̀ kò ṣe ohun tó burú lójú ẹnikẹ́ni. Òun àti oníbàárà rẹ̀ ti ná ọjà tán, owó ti wọlé, ìgbín ńláńlá ti wà nínú ọ̀rá, oníbàárà sì ṣì dúró, ó ń retí èènì. Ìyá náà tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbada, ó bu ìgbín wẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, àwọn tí ìkarahun wọn ṣì fẹ́lẹ́ débi pé bí èèyàn bá gbé e sókè, oòrùn á hàn nínú rẹ̀. Ó dà wọ́n lé ti tẹ́lẹ̀. "Àǹtí, èènì yín rèé o. Ẹ má gbàgbé mi tí ẹ bá ń bọ̀." Oníbàárà dúpẹ́, awakọ̀ fọn fèrè, èrò sáré wọ ọkọ̀, ọkọ̀ kọjú sí Benin.

Ẹni tó ń kọ àròkọ yìí wà nínú ọkọ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀rọ̀ èènì yẹn kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà náà. Èènì wà lára ohun tó dùn jù lọ nínú ọjà Yorùbá. Òun ni ọlọ́jà fi ń sọ fún oníbàárà pé ọ̀rọ̀ àwọn kò mọ sórí owó nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà fi ń ṣe èènì, ohun ìní rẹ̀ ni. Onígàárì ń bù ú nínú gààrì rẹ̀, ẹlẹ́wà ń bù ú nínú ẹ̀wà rẹ̀, èrè ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń dín. Ìgbín wẹ́wẹ́ tí ìyá náà fi tọrẹ, nínú èrè ta ni yóò ti dín? Akọ̀wé yìí yí ìbéèrè náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ibì kan náà ló ń já sí: nínú òjò ọdún tó ń bọ̀ ni, nínú ohun tí igbó agbègbè Ọ̀rẹ̀ ì bá fún ìyá náà fúnra rẹ̀ tà.

Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé títì márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n mọ ogun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró lọ́dún 1967, nígbà tí wọ́n ti gba Benin tán tí wọ́n ń dojú kọ Èkó, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí Yorùbá fi ń sọ títí di òní pé "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Àwọn arìnrìn-àjò ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n mọ oúnjẹ. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Àsábà tàbí Onitsha á yà síbẹ̀, èrò á na ẹsẹ̀, àwọn ọlọ́jà á sì sáré pàdé wọn pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹran ìgbẹ́ àti ìgbín. Oríṣi méjì ni ìgbín náà. Àwọn kan ṣì wà láàyè nínú agbada àti apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fà lórí ara wọn. Àwọn kejì ti kúrò nínú ìkarahun, wọ́n ti fi ata dín wọn, wọ́n sì ti gún wọn mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ.

Ìgbín ńlá tí wọ́n mọ̀ jù nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata. Òru ni ó ń jẹ̀, òjò ni ó sì ń fẹ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á wọlẹ̀, á fi awọ funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, á sùn títí òjò á fi padà. Kò sí akọ, kò sí abo láàárín wọn: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní méjèèjì lára, gbogbo wọn ló sì lè yé. Ẹyin rẹ̀ tóbi, àmọ́ kò pọ̀. Láti 4 sí 18 ni ó sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń tó nǹkan bí oṣù 10 sí 12 kí ìgbín tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣa á. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn aṣagbín ń dúró dè. Lóru tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n á de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, wọ́n á wọgbó. Òru kan náà ni ìgbín ń jáde láti gun ara wọn, láti wá ilẹ̀ rírọ̀ tí wọn yóò yé sí. Lójú ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti ń mú ìyá ìgbín, ọmọ tó ṣẹ́kù láti ọdún tó kọjá sì ń bá a wọ inú garawa kan náà.

Ìyá àgbà tó tọ́ akọ̀wé yìí dàgbà kò mọ̀wé. Bí àwọn ọmọ bá ti oko dé pẹ̀lú ìgbín, yóò ní kí wọ́n dà wọ́n sílẹ̀, yóò sì máa fi àtàǹpàkò tẹ etí ìkarahun wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí etí rẹ̀ bá le di ti ọbẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ bá rọ̀, tó fẹ́ ṣẹ́ lábẹ́ ìka, á yà á sọ́tọ̀. "Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i. Ọmọ ni." Àwọn ọmọ á kùn. Wọ́n á ní bí àwọn bá dá a padà, ọmọ ẹlòmíì á ṣa á lọ́la. Ìyá àgbà á ní kí ọmọ ẹlòmíì lọ bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ wọn lọ́rùn nígbà náà, ó sì ṣòro láti sọ pé ó lè tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn lónìí, nítorí pé ohun tí gbogbo ayé ní lápapọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni í kó o. Ẹni tó dá ọmọ ìgbín padà lè jẹ́ pé aládùúgbò rẹ̀ ló ń bọ́.

Síbẹ̀, àtàǹpàkò yẹn mọ ohun tó ń wá. Ìgbín ni ó ń kọ́ ilé ara rẹ̀. Kálísíọ́mù tó ń rí nínú ilẹ̀ àti ewé ni ó ń sọ di ìkarahun, ibi etí ẹnu ìkarahun náà ni ó sì ti ń fi kún un. Nígbà tó bá ń dàgbà kíákíá, etí yẹn á fẹ́lẹ́, torí pé kò tíì pẹ́ tó mọ ọ́n. Bí ìdàgbà bá ń falẹ̀, á máa nípọn, á máa le. Yorùbá ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ohun tó ń tẹ̀ lé e yìí náà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Gbàrà tí wọ́n bá ti fọ́ ọ, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ omi tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ kúrò lára ẹran, tí wọ́n dín in, tí wọ́n gún un mọ́ igi, ẹ̀rí ti pòórá. Ẹran ìgbín gbogbo ló ń sún kì nínú òróró gbígbóná. Ẹni tó na ọwọ́ jáde láti fèrèsé ọkọ̀ kò lè mọ̀ bóyá àgbà ló rà tàbí ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tó pòórá yìí ló gbé ọkàn akọ̀wé kọjá òkun, lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Ìgbín òkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní conch. Ìkarahun rẹ̀ lè gùn tó 30 sẹ̀ntímítà, inú rẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Oúnjẹ pàtàkì ni ẹran rẹ̀ ní Bahamas. Wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ ní tútù, wọ́n ń po ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà, tòmátì àti ata mọ́ ọn; wọ́n tún ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n ń dín in. Ní Potters Cay, ní ìlú Nassau, ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó máa ń tó ọdún 4 kí ìgbín òkun yìí tó dàgbà, etí ìkarahun rẹ̀ náà ni àmì rẹ̀ sì wà: etí náà á ṣí síta, á fẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn. Òfin Bahamas kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó èyí tí etí rẹ̀ kò tíì ṣí dáadáa. Ìyá àgbà tí kò rí òkun rí ì bá fọwọ́ sí òfin yẹn.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ọ̀tá. Apẹja á lu ihò sí apá òkè ìkarahun, á ti ọ̀bẹ bọ ọ́, á gé iṣan tó di ẹran mú, á fa ẹran yọ. Ìkarahun wúwo, ó sì ń gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà inú òkun ni wọ́n sábà ń jù ú sí. Ẹran nìkan ló ń gúnlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó dúró ní èbúté kò rí etí kankan tí yóò fọwọ́ tẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ pọ̀ mọ́ àgbà nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tó mú kí ọ̀ràn náà le: àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí nínú omi Bahamas rí i pé níbi tí àgbà kò bá ti tó bí 50 lórí hẹ́kítà kan, wọn kì í gun ara wọn mọ́. Wọ́n ń fà díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀ òkun, wọn kò sì lè rí ara wọn. Èyí ni pé wọ́n lè ṣẹ́kù ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kí ìran wọn sì ti dáwọ́ dúró.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Florida kọ́kọ́ fi òfin de àwọn tó ń kó ìgbín òkun yìí tà lọ́dún 1975, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà mọ́ gbogbo èèyàn pátápátá. Ní Key West, níbi tí àwọn ọmọ onílùú ń fi orúkọ ìgbín náà pe ara wọn, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè ni wọ́n ń jẹ báyìí. Lọ́dún 1992, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi í sábẹ́ ìṣọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó wà lára àwọn ẹ̀dá tí ewu àtiparun wà níwájú wọn.

Ìkarahun náà ní ọjà tirẹ̀. Àlejò tó wá gbafẹ́ létíkun fẹ́ mú nǹkan délé tí yóò fi rántí, kò sì sí ohun tó wù ú tó ìkarahun ńlá tó ń dán yẹn. Kò fẹ́ èyí tó nihò. Ẹni tó fẹ́ tà á fún un á wá ọ̀nà mìíràn láti yọ ẹran kí ìkarahun má bàa bàjẹ́. Àdéhùn CITES gba arìnrìn-àjò láyè láti mú ìkarahun 3 lọ láìgba ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé yìí ronú lórí èyí títí. Ní ọwọ́ kan, ìfẹ́ àlejò sí ohun ẹ̀ṣọ́ ń fi kún iye tí wọ́n ń pa. Ní ọwọ́ kejì, níbi tí ìkarahun bá ti níye lórí, wọn kì í fọ́ ọ, etí rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bi í léèrè ọjọ́ orí. L'Ọ́rẹ̀, ìkarahun kò níye lórí rárá. Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ni òkìtì rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ń da eérú sí.

Ẹnìkan lè ní ìgbín kì í tán. Yóò ní kí a wo Florida kan náà, níbi tí ọmọkùnrin kan ti kó ìgbín ilẹ̀ mẹ́ta wá sí Miami láti Hawaii lọ́dún 1966, tí ìyá àgbà rẹ̀ sì dà wọ́n sínú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún 7, wọ́n ti lé ní 18,000. Ó gbà tó ọdún 10 àti nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là kí ìjọba tó rẹ́yìn wọn, wọ́n sì tún yọjú padà lọ́dún 2011. Àríyànjiyàn yìí lágbára, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ìgbín ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ti Miami, Lissachatina fulica, tó lè yé ẹyin 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń yé lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Tilẹ̀ Yorùbá ń yé ìwọ̀nba. Wọ́n jọ ń jẹ́ ìgbín ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọ̀ sí i kò bára mu. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kì í tilẹ̀ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: ní oṣù keje ọdún 2014, wọ́n gba ìgbín alààyè 67 tó wá láti Nàìjíríà ní pápákọ̀ òfuurufú Los Angeles. Archachatina marginata ni gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fẹ́ fi jẹun ni. Wọ́n dáná sun wọ́n. Ó dun akọ̀wé yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò lè bá àwọn aṣọ́bodè náà jà, torí wọ́n mọ ohun tí ojú Miami ti rí.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ iyì ìkarahun. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìkarahun ìgbín òkun ni. Láti Maldives ló ti wá, 20,000 rẹ̀ ló sì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Láti àárín àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó oríṣi mìíràn wá láti etíkun Zanzibar, wọ́n kó o wá títí owó ẹyọ fi di ohun tí kò ra nǹkan gidi mọ́. Ìgbín ilẹ̀ náà ní ipò tirẹ̀. Ọbàtálá ni ó ni ín. Odindi, alààyè, nínú ìkarahun rẹ̀ ni àwọn abọ̀rìṣà ń rà á, wọ́n á sì fọ́ ṣóńṣó ìdí rẹ̀ kí omi ẹ̀rọ̀ lè kán. Títí dé Bahia ní Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń pe orúkọ ìgbín bí wọ́n bá ń bọ òrìṣà náà. Kò sí ẹni tí yóò gbé ìgbín orí igi lọ síwájú Ọbàtálá.

Ta ló wá lẹ̀bi? Obìnrin tó ń tà á kọ́. Ọwọ́ aṣagbín ló ti ń ra ẹrù, ní agbada, àgbà àti ọmọ pọ̀. Oníbàárà á ṣa ńlá, wẹ́wẹ́ á ṣẹ́kù sílẹ̀ agbada. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi owó rà á, kò sì ní pẹ́ kú, ló bá sọ ọ́ di èènì. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń bẹ nínú agbada yẹn. Igbó fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Nínú igbó ọba tó wà ní Olúwa, wọ́n gé ọ̀pọ̀ igi àdáyébá lulẹ̀, wọ́n gbin Gmelina, igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà. Oko kòkó àti oko ọ̀pẹ ń tẹ̀ síwájú. Oògùn apakoríko ń dé ibi tí ọkọ́ kò dé, iná ẹ̀ẹ̀rùn sì ń jó ewé tí ìgbín ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi igbó sílẹ̀ tó, bóyá kíkó ọmọ ìgbín kò ní hàn lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ń dín, tọ́ọ̀ṣì ń pọ̀.

Ọ̀sìn ìgbín lè ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sì nílò ilẹ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ rírọ̀ tí kò gbẹ, òjìji, ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò, omi àti ààbò lọ́wọ́ ìjàlọ ni olórí ohun tó ń fẹ́. Ó tún ń fẹ́ kálísíọ́mù, ibẹ̀ sì ni òkìtì ẹ̀yìn ilé oúnjẹ l'Ọ́rẹ̀ ti wúlò: ìkarahun tí wọ́n bá sun, tí wọ́n lọ̀ kúnná, ni ìgbín alààyè lè jẹ kó fi kọ́ tirẹ̀, adìyẹ náà sì lè jẹ ẹ́ kí èèpo ẹyin rẹ̀ le. Ìgbín wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ agbada gan-an ni ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn nílò. Bí ìyá náà bá kó wọn sínú ọgbà kékeré lẹ́yìn ilé rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò tà wọ́n ní iye ìgbín ńlá. Owó ló fi ń ta oníbàárà lọ́rẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ẹ ra ìgbín nínú ìkarahun rẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ sì kọ èyí tó bá rọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí oníbàárà bá kọ̀ ọ́, ọlọ́jà kò ní gbà á lọ́wọ́ aṣagbín mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó àti àwọn obìnrin tó ń ta ìgbín lójú títì sì lè jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí bí ìgbín ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kó tó dé ọjà. Oṣù kẹta ni òjò sábà máa ń padà wọ agbègbè náà. Kí wọ́n ti ṣe ìpàdé yẹn tán kó tó dé.